Inú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ oníná ní Ifẹ̀: ọ̀nà méjì

Bí wọ́n bá ní ká dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ oníná sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, báwo la ó ṣe to inú rẹ̀?

Ọ̀nà kan ni kí ọdún máa tẹ̀lé ọdún. Àlejò á kọ́kọ́ bá bátìrì tó ṣeé cháàjì tí Gaston Planté, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Faransé, ṣe ní 1859, á kan La Jamais Contente, ọkọ̀ tó kọ́kọ́ sáré kọjá 100 kìlómítà ní wákàtí kan, ní 1899, títí dé ọkọ̀ oníná Nissan Leaf ti 2010. Ó rọrùn láti tẹ̀ lé, àmọ́ ara ọkọ̀ nìkan lèèyàn á rí.

Ọ̀nà kejì ni ká la ọkọ̀ kan sí méjì. Kí bátìrì tó tẹ́ pẹrẹsẹ lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ hàn síta. Kí ọmọ ilé-ìwé fọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì oníná kí gílóòbù sì tàn, kó lè yé e pé bí ọkọ̀ bá ń dẹwọ́ eré, ẹ́ńjìnnì yẹn kan náà ló ń dá iná padà sínú bátìrì. Èyí ni mo fara mọ́ pátápátá. Àwọn rìwáyà ìlú wa náà á rí ẹ̀kọ́ kọ́ níbẹ̀.

Ti ìmọ́lẹ̀ ńkọ́? Ti àkọ́kọ́ fẹ́ yàrá ṣíṣú tí iná ń tàn sórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, iná ọba kò sì ṣeé gbójú lé. Ti kejì gba ojúmọmọ wọlé, bí àwọn ilé tí Arieh Sharon, ayàwòrán-ilé ará Ísírẹ́lì, yà ní OAU, yunifásítì Ifẹ̀, tí òkè wọn yọ síta ju ìsàlẹ̀ lọ, tí atẹ́gùn ń gba inú wọn kọjá.

Èyí ó wù ká mú, àpáàdì ni ká fi tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ifẹ̀ àtijọ́.