Gọ́ọ̀mù Funfun àbí Téèpù Onífóòmù: Èwo Ni Kẹ́ Ẹ Rà fún Káàdì Olódòdó?

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ṣe káàdì ìkíni, orí bébà ló máa ń kọ́kọ́ náwó sí. Ti bébà kò le: kádíbọ́ọ̀dù gíráàmù 250 sí 300 (ìwọ̀n bébà ní mítà onígun mẹ́rin kan) fún ìsàlẹ̀, 120 sí 160 fún ewé òdòdó, ó parí. Ohun tẹ́ ẹ máa fi lẹ̀ ẹ́ ló ń dáni lágara.

Oṣù Keje ọdún tó kọjá, ìyá ìyàwó kan ní Ìkẹ́rẹ́ ní kí n bá òun ṣe káàdì 20. Onípele mẹ́ta ni, òdòdó pupa sì wà lókè rẹ̀. Gọ́ọ̀mù funfun, irú èyí táwọn káfíńtà ń lò, ni mo fi lẹ gbogbo rẹ̀. Ó tẹ́jú dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tílẹ̀ máa fi mọ́, etí káàdì ti gbé sókè bí ewé gbígbẹ. Àwọ̀ pupa ti ràn mọ́ bébà funfun. Àwọn ewé òdòdó tí mo ti fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ kí wọ́n lè kákò, gbogbo wọn ti rọ̀ wálẹ̀. Màmá mú ọ̀kan, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn: "Ọmọ mi, ṣé òjò pa káàdì yìí ni?" Mo bẹ̀ wọ́n fún ọjọ́ méjì, mo padà sí Ọjà Ọba l'Ádó, mo tún kádíbọ́ọ̀dù rà. Èrè mi tán síbẹ̀.

Omi inú gọ́ọ̀mù ló fà á. Bébà ń mumi, á wú. Tó bá ń gbẹ, á sún kì. Ìpele tó mumi jù àti èyí tí kò mu tó á máa fa ara wọn, káàdì á sì tẹ̀. Lásìkò òjò tí ohunkóhun kì í tètè gbẹ, ó tún burú sí i.

Téèpù onífóòmù kò lómi nínú rárá. Ojú rẹ̀ méjèèjì ló ń lẹ̀, ó sì nípọn díẹ̀, nítorí náà ó ń gbé ìpele òkè sókè, òjìji á bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ fi sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti àárín, kó má sún mọ́ etí jù. Ó wọ́n ju gọ́ọ̀mù lọ. Tó bá ti lẹ̀, kò ṣeé sún kúrò níbẹ̀ mọ́, nítorí náà ẹ wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Tí káàdì náà máa wọ àpòòwé, kó má kọjá ìpele fóòmù méjì.

Gọ́ọ̀mù oníná, èyí tí wọ́n ń fi irinṣẹ́ tó rí bí ìbọn yọ́, ń fẹ́ iná mànàmáná, ó sì ń jó ọmọ ìka.

Gọ́ọ̀mù funfun náà níṣẹ́ tiẹ̀: àárín òdòdó, kíkán kan ṣoṣo lẹ́nu igi ìtayín. Káàdì pẹlẹbẹ tí ọmọ iléèwé ń ṣe, ó tó o. Ṣùgbọ́n tówó yín bá ká ẹyọ kan péré, ẹ ra téèpù, èyí tí fóòmù rẹ̀ ń gbéra padà tẹ́ ẹ bá fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́. Gọ́ọ̀mù kíkán mélòó kan, káfíńtà àdúgbò ò ní fi dù yín.