Silver Efex àbí darktable: èwo ló yẹ ayàwòrán Àjàṣẹ́ fún fọ́tò dúdú-òun-funfun?

Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe ni méjèèjì. Owó ni wọ́n fi ń ra Silver Efex, inú Nik Collection, àkójọ ètò ti ilé-iṣẹ́ DxO, ló wà. Ọ̀fẹ́ ni darktable. Silver Efex yá kọ́, ọ̀sán kan ti tó. Darktable á kọ́kọ́ dà yín láàmú.

Ojú èèyàn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ wo ìwọ̀n àwọ̀, nínú ọgọ́rùn-ún, tí àwọn ayàwòrán máa ń fi sín fíìmù jẹ: HP5 ti Ilford, pupa 23, ewé 37, búlúù 40; Tri-X ti Kodak, 25, 35, 40. Búlúù ló léke. Bẹ́ẹ̀, pupa ni ara adúmáadán ń tàn jáde jù, búlúù rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ tẹ HP5 lé fọ́tò ìyàwó, ojú á di èédú, ojú ọ̀run á sì funfun bíi bébà. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń so gíláàsì yẹ́lò tàbí aláwọ̀ ọsàn mọ́ lẹ́ńsì, kó lè dín búlúù kù.

Nínú darktable, ẹ ṣí ẹ̀dà kejì color calibration, irinṣẹ́ tó ń tún àwọ̀ ṣe. Ẹ má fọwọ́ kan ti àkọ́kọ́, òun ló di white balance (àtúnṣe àwọ̀ ìmọ́lẹ̀) mú. Ní táàbù gray, ẹ kọ pupa 0,45, ewé 0,40, búlúù 0,15, kí àròpọ̀ wọn jẹ́ 1. Bí ojú bá ṣì ṣú, ẹ yọ 0,05 nínú búlúù fún pupa. Bí pupa bá kọjá 0,60, ètè á ṣá, aṣọ pupa Gẹ̀lẹ̀dẹ́ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun. Ẹ fi ìwọ̀n náà pamọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ lé gbogbo fọ́tò òde náà lẹ́ẹ̀kan.

Silver Efex náà ní gíláàsì aláwọ̀ ọsàn, control point rẹ̀ (àmì tí ẹ máa tẹ̀ sórí ibi tí ẹ fẹ́ tún ṣe) sì ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ojú nìkan kíákíá ju mask darktable, tó ń ya apá kan fọ́tò sọ́tọ̀, lọ. Ó dáa o. Àmọ́ RAW (fáìlì tútù láti inú kámẹ́rà) sábà máa ń di TIFF (fáìlì fọ́tò tó tóbi) kó tó wọlé: kámẹ́rà megapixel 24, bit 16, jẹ́ MB 144 fún fọ́tò kan. Ọgọ́rùn-ún fọ́tò ti lé ní GB 14. Léèsì funfun tó bá sì ti jóná nínú TIFF, ó lọ nìyẹn. RAW kì í kúrò nílẹ̀ nínú darktable. Fáìlì XMP kékeré, tó ń tọ́jú àtúnṣe yín, ló ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Hóró fíìmù (ẹyọ wínníwínní tó máa ń hàn lára fọ́tò fíìmù): méjèèjì ní in. Ẹ wò ó ní 100%. WhatsApp á pa á rẹ́.

Ẹni tó ń ya fọ́tò díẹ̀, tó sì ń kánjú, Silver Efex tó o. Ẹni tó ń ya ìgbéyàwó ní gbogbo Sátidé, kó fi owó yẹn ra háàdì dísìkì. Bí ọkàn yín bá ṣì ń fà sí Silver Efex, DxO ń fúnni láyè láti dán an wò fún ọjọ́ díẹ̀: fọ́tò tí ojú tó dúdú jù àti léèsì tó funfun jù ti jọ wà ni kí ẹ fi dán an.