Iṣẹ́ abẹ cataract fún ajá: iṣẹ́ ilé ju ti tíátà lọ

Kì í ṣe gbogbo ajá tí ojú rẹ̀ ń funfun ló nílò abẹ. Ajá tó ti lé lọ́dún 7 lè ní ojú tó rí bíi pé èéfín bò ó. Ọjọ́ orí ni, ó ṣì ń ríran. Bí dókítà bá tan iná sí i, iná á kọjá dé ẹ̀yìn ojú. Cataract, ìyẹn lẹ́ǹsì inú ojú tó ti ṣú funfun, kì í jẹ́ kó kọjá bó bá ti gbó, abẹ nìkan ló sì ń mú un kúrò. Oògùn kíkán tí wọ́n ní ó ń yọ́ ọ, owó ṣòfò ni.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ wú wa lórí. Wọ́n á la ojú ní nǹkan bíi mìlímítà 3, wọ́n á ki abẹ́rẹ́ ultrasound (tó ń lo ìró tí etí kò lè gbọ́) bọ̀ ọ́. Ó ń gbọ̀n, ó ń fọ́ lẹ́ǹsì túútúú, ó sì ń fà á mu. Àpò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó gbé lẹ́ǹsì kò gbọdọ̀ ya, ibẹ̀ ni wọ́n máa tẹ́ lẹ́ǹsì àtọwọ́dá sí. Agbára lẹ́ǹsì ti ajá tó +41 dioptre, ti ènìyàn kò ju bíi +20 lọ, nítorí náà ọ̀kan kò lè rọ́pò èkejì.

Àyẹ̀wò ṣáájú la fi ń mọ ilé ìwòsàn tó dáa. ERG, àyẹ̀wò iná mànàmáná inú ojú, ló ń sọ bóyá retina (awọ ẹ̀yìn ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀) ń ṣiṣẹ́, àwòrán ultrasound ló ń sọ bóyá ó ti ṣí kúrò láyè rẹ̀. Ibi tí wọn kò bá ti ṣe méjèèjì, ẹ mú ajá yín kúrò níbẹ̀: lẹ́ǹsì tuntun kò lè jí retina tó ti kú.

Ajá alátọ̀gbẹ kò ní àkókò láti fi ṣòfò. Ṣúgà inú lẹ́ǹsì ń di sorbitol, èròjà kan tó jọ ṣúgà, sorbitol ń fa omi, lẹ́ǹsì á wú, ó sì lè bẹ́. Ohun tó bá tú jáde á mú ojú pọ́n kankan, glaucoma, àìsàn ìfúnpá ojú tó ga jù, sì lè tẹ̀ lé e.

Ìfúnpá inú ojú máa ń ga láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́ lẹ́yìn abẹ. Ilé ìwòsàn tó bá dá ajá padà láìwọ̀n ọ́n, a yọ máàkì wọn.

Nílé, oògùn kíkán ni lójoojúmọ́, lẹ́ẹ̀mélòó kan lóòjọ́, fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹ fi ìṣẹ́jú 5 sáàárín ọ̀kan àti èkejì, kí èyí má baà fọ tìṣáájú dànù. Kọ́là tó rí bí àrọ ni kó wà lọ́rùn rẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ 2. Okùn àyà ni kẹ́ ẹ fi mú un rìn, torí okùn ọrùn ń mú ìfúnpá ojú ga. Ajá tí kì í jẹ́ kí ọwọ́ kan ojú rẹ̀, ẹ kọ́ ọ ṣáájú. Bí kò bá tíì gbà, ẹ má tíì dá ọjọ́ abẹ.