Sọ̀fíyọ̀ Ògiri Àjọni tí a Gbà ní Lọ́ńdọ̀nù: Èmi ni mo Sanwó, Kì í Ṣe Tèmi

Nílé, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ sọ̀fíyọ̀, ẹni tó ń wọn ilẹ̀, tó ń ri bíkìn mọ́lẹ̀, tó sì ń fi òǹtẹ̀ lu ìwé àwòrán ilẹ̀ ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Èyí tí èmi àti ọkọ mi gbà ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù kò wọn ilẹ̀ kankan. Orí ògiri tí ilé wa àti ilé aládùúgbò wa jọ ní ni iṣẹ́ tirẹ̀ dá lé, lábẹ́ òfin Party Wall etc. Act 1996, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní England àti Wales ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1997. Mo ń kọ èyí fún ẹni tó bá ń gbèrò láti fẹ ilé rẹ̀ níhìn-ín, nítorí owó tí a san kì í ṣe kékeré, ohun tí a sì rò pé a fẹ́ fi owó náà rà kọ́ ni ó bọ́ sí wa lọ́wọ́.

Ilé wa wà lórí ìlà ilé bíríkì àtijọ́ tí wọ́n kọ́ so mọ́ra láyé Ọbabìnrin Victoria. A fẹ́ fa ilé ìdáná sẹ́yìn, kí a sì sọ àjà di yàrá. Nítorí ti àjà, a ní láti dá ihò sí ara ògiri àjọni kí àwọn irin tí yóò gbé yàrá tuntun lè jókòó sínú rẹ̀. Nítorí ti ilé ìdáná, a ní láti gbẹ́ ìpìlẹ̀ tí kò jìnnà tó mítà 3 sí ilé ẹlòmíràn, tí yóò sì jìn ju ìpìlẹ̀ tiwọn lọ, torí pé amọ̀ Lọ́ńdọ̀nù a máa súnkì nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, a sì máa wú nígbà òjò, bẹ́ẹ̀ àwọn tó kọ́ ilé àtijọ́ wọ̀nyẹn kò gbẹ́ ilẹ̀ jìn. Òfin fẹ́ kí a fún aládùúgbò ní ìwé ìfitónilétí oṣù 2 ṣáájú iṣẹ́ ara ògiri, ó fẹ́ ti oṣù 1 ṣáájú gbígbẹ́ ilẹ̀. Àwa rò pé ìwé àṣẹ tí káńsù fún wa ti ká gbogbo rẹ̀. Kò ká a. Ọ̀tọ̀ ni àṣẹ káńsù, ọ̀tọ̀ ni ẹ̀tọ́ aládùúgbò.

Olówó pọ́ọ́kú ni a kọ́kọ́ lọ bá, ilé iṣẹ́ kan tí ń bá ènìyàn kọ ìwé ìfitónilétí lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìrí ojú ẹni. Orúkọ èmi nìkan ni wọ́n kọ sí i, nígbà tó jẹ́ pé orúkọ èmi àti ọkọ mi ló wà lórí ìwé ilé. Sọ̀fíyọ̀ tí a padà gbà wo ìwé náà fún bí ìṣẹ́jú kan, ó ní bí ẹnikẹ́ni bá gbé e dé kóòtù, wọn yóò dà á nù, nítorí gbogbo ẹni tó ni ilé ni orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn. A tún ìwé kọ, a sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù 2 náà láti ọjọ́ kìíní. Owó tí a rò pé a ń ṣọ́ ná di owó ìdádúró fún agbaṣẹ́ṣe.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ́kọ́ fọkàn tán ọkùnrin yìí ni pé, kó tó fi ìwé kankan ránṣẹ́, ó ní kí a lọ kan ilẹ̀kùn àwọn aládùúgbò wa. Ó ní èdè ìwé náà le, ó sì dà bí ìwé ìpẹ̀jọ́. Bàbá àgbà kan, ará Ìjẹ̀bú, ló ń gbé ilé apá òsì wa, láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Mo gbé àwòrán ilé lọ́wọ́, mo lọ kí wọn, mo ṣàlàyé. Síbẹ̀, nígbà tí ìwé dé, wọ́n pè mí lórí fóònù.

“Ọmọ mi, kóòtù ni mo rí yìí, àbí kí ni?”

“Rárá o, Dádì, ẹ má bínú. Òfin ló ní kí a kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”

“Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìwọ ń sanwó fún, ṣé èmi ni yóò wá gbè?”

Ìbéèrè Dádì yìí ni kókó gbogbo ọ̀rọ̀, n kò sì ní èsì gidi fún un lọ́jọ́ náà. Sọ̀fíyọ̀ fúnra rẹ̀ ló wá dáhùn nígbà tó lọ jókòó sí pálọ̀ wọn. Ó ní lóòótọ́, àwa tí a fẹ́ kọ́lé ni a máa ń sanwó lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n bá ti yan òun sínú ìwé, òun kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni mọ́. Òfin kò gba àwa tí a yàn án láyè láti lé e kúrò nítorí pé ìpinnu rẹ̀ kò dùn mọ́ wa. Dádì ní ẹ̀tọ́ láti fọwọ́ sí iṣẹ́ náà lásán, wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti yan sọ̀fíyọ̀ tiwọn tí a ó sanwó fún, wọ́n sì lè gbà kí ẹnì kan ṣoṣo dúró fún ìhà méjèèjì. Èyí ìkẹyìn ni wọ́n mú. Mo rò pé bí ọkùnrin náà ṣe sọ fún wọn lójú mi pé òun lè dá mi lẹ́bi ló jẹ́ kí wọ́n gbà.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó lo bíi wákàtí méjì nínú ilé Dádì, ó ya fọ́tò tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Gbogbo ibi tí ògiri ti sán ló wọ̀n ní mìlímítà, tó sì kọ sílẹ̀: lókè fèrèsé àtẹ̀gùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìdáná yàrá, ní igun òrùlé. Dádì wá fẹ́ kó bá wọn yanjú ọ̀rọ̀ ọgbà onípákó tó wà lẹ́yìn ilé, tí wọ́n ní ẹni tó ta ilé fún wa ti sún wọ ilẹ̀ wọn ní ààbọ̀ ẹsẹ̀ bàtà. Ọkùnrin náà ní ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ òun. Òfin yìí kò ka ọgbà onípákó sí ògiri, kì í sì í pín ààlà ilẹ̀ fún ẹni tí ń jà sí i. Àwòrán tó wà ní Land Registry, ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń forúkọ onílẹ̀ sílẹ̀, pàápàá, ojú ààlà gbogbogbòò ló ń fi hàn, kì í ṣe ojú ìlà gan-an. Dádì kò fẹ́ràn èsì yìí. Èmi fẹ́ràn rẹ̀, kì í ṣe nítorí pé ó gbè mí, bí kò ṣe pé ẹni tó mọ ibi tí iṣẹ́ òun parí sí ṣọ̀wọ́n.

Ìwé ìpinnu tó kọ, èyí tó sọ bí a ṣe gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ náà, ní nǹkan nínú. Agogo mẹ́jọ àárọ̀ sí márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni a lè fi ṣe iṣẹ́ aláriwo, láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì. Àwọn bíríkìlà kò gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ tí ń gbá ògiri gbọ̀ngbọ̀n dá ihò irin, wọ́n gbọ́dọ̀ gé e ni. Inú agbaṣẹ́ṣe wa kò dùn sí èyí, ó sì gba ọjọ́ méjì lé e, ṣùgbọ́n ògiri náà kò mì.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, Dádì fi ibi méjì hàn wá tí ògiri ti sán. A ṣí fọ́tò. Ọ̀kan, èyí tó wà lókè fèrèsé àtẹ̀gùn, ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sì fi mìlímítà kan gbòòrò sí i. Èkejì, nínú yàrá òkè, kò sí nínú fọ́tò kankan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ó lè jẹ́ ọ̀gbẹlẹ̀ ló fà á. Sọ̀fíyọ̀ wò mí, ó ní ihò irin wa wà ní ẹ̀yìn ibẹ̀ gẹ́lẹ́, àwa ni yóò tún un ṣe. Nítorí pé òfin jẹ́ kí ẹni tí nǹkan rẹ̀ bàjẹ́ gba owó dípò àtúnṣe, Dádì gba owó, wọ́n ní àwọn mọ ẹni tí ń bá àwọn kun ilé. Inú bí mi fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé bí kò bá sí fọ́tò wọ̀nyẹn, ibi méjèèjì ni à bá san, tàbí kí a má bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́.

Ti apá ọ̀tún kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Ayálégbé ló ń gbé ibẹ̀, onílé ń gbé ìlú mìíràn, kò sì fèsì. Bí ọjọ́ 14 bá kọjá láìsí èsì, òfin kà á sí àìgbọ́ra-ẹni-yé tí sọ̀fíyọ̀ gbọ́dọ̀ yanjú. A tún fún un ní ọjọ́ 10 láti yan sọ̀fíyọ̀, lẹ́yìn èyí ni a ní láti bá a yan ẹlòmíràn, tí kò gbọdọ̀ jẹ́ tiwa. Báyìí ni sọ̀fíyọ̀ kejì ṣe wọlé, tó ń gba owó wákàtí dé orí ímeèlì. Pọ́n-ùn 1,150 ni ti Dádì ná wa. Ti ọ̀tún ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Sọ̀fíyọ̀ tiwa jẹ̀bi díẹ̀ níbẹ̀: kò kìlọ̀ fún wa pé irú èyí lè ṣẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìpinnu ọ̀tún jókòó sórí tábìlì rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó fọwọ́ sí i. Bí mo bá pè é, á ní ó kù díẹ̀.

Fún ẹni tó bá fẹ́ gba irú rẹ̀: òfin kò béèrè ìwé ẹ̀rí kankan lọ́wọ́ ẹni tí a lè yàn, kí ó má ṣáà ti jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Ẹ béèrè bóyá ó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn sọ̀fíyọ̀ bíi RICS tàbí Faculty of Party Wall Surveyors, ẹ sì rí i pé orúkọ ènìyàn ni ẹ fọwọ́ sí, kì í ṣe orúkọ ilé iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó kọ iye owó àti ọjọ́ tí yóò parí sílẹ̀. Ẹ béèrè, kí ẹ tó san kọ́bọ̀, bóyá ó ti dá ẹni tó ń sanwó fún un lẹ́bi rí, kí ẹ sì tẹ́tí sí bí yóò ṣe dáhùn.

Mo máa tún gbà á ṣe iṣẹ́. Ṣùgbọ́n n ó kọ́kọ́ wá onílé ọ̀tún náà dé ìlú tó ń gbé.