"Mimashō" àbí "miyō": èwo lo máa sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ nídìí fíìmù?

"Jẹ́ ká wò ó" ni "mimashō" àti "miyō" lédè Japan, ti ọ̀wọ̀ ni "mimashō". Bí o bá fẹ́ pe ará Japan wá wo fíìmù ("eiga"), o lè ní "eiga o mimasen ka?", kí o sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, o sì lè ní "eiga miyō yo" bí ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́. "O" àti "ẹ" làwa fi ń mọ irú ìyàtọ̀ yìí. Ní tiwọn, ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe ni ọ̀wọ̀ wà: "miru" (wò) á di "mimasu", "mita" (ti wò) á di "mimashita".

Ti ọ̀wọ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé ìkọ́ni fi ń bẹ̀rẹ̀, kì í sì í bí ẹnikẹ́ni nínú. Àmọ́ láàárín ọ̀rẹ́, ńṣe ló ń jìnnà síni.

Èmi fara mọ́ ọ̀rọ̀ kúkúrú. Tí fíìmù bá ti ń lọ, ta ló ráyè gbólóhùn gígùn? "Kore mita?": ṣé o ti wo èyí? "Mada": mi ò tíì wò ó. "Netabare shinaide!": má sọ ibi tó máa já sí fún wa o! (Gbogbo ẹgbẹ́ ló ní aláròyé kan tó yẹ kó gbọ́ ìyẹn.) "Ka" tó ń tọ́ka sí ìbéèrè ti pòórá, gbígbé ohùn sókè nípárí ti tó. "Yabai" sì wà fún ohun tó dára àti ohun tó burú.

Bí ẹni tó ṣáájú rẹ nílé ẹ̀kọ́, ìbáà ṣe ọdún kan, bá jókòó tì yín, "mimasu" ni kí o bá a sọ. Má sì kó "kisama" inú anime (fíìmù àwòrán ti Japan) lọ bá ẹnikẹ́ni, èébú ni.