HND gíráfíìsì: ibi tó tó owó ẹ̀, àti ibi tí kò tó o

Àwọn òbí tó ń pè mí láti béèrè bóyá kí ọmọ àwọn lọ ka gíráfíìsì, iṣẹ́ yíya àwòrán àti lẹ́tà tí wọ́n máa tẹ̀, ti ń pọ̀ jù, ohun kan náà ni mo sì ń sọ fún gbogbo wọn, ìyẹn ni mo ṣe ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀. Àwòrán ara ọ̀rá búrẹ́dì, páálí bisikíìtì àti ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìgò òróró ni mo ń yà jẹun. Polí ìjọba kan nílẹ̀ Yorùbá níbí ni mo ti ṣe ND àti HND mi, ìwé ẹ̀rí méjì tí polí ń fúnni. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀, torí ohun tí mo máa sọ nípa yàrá kọ̀ǹpútà wọn ò dáa létí, àwọn kan tó kọ́ mi dáadáa sì ṣì wà níbẹ̀.

Bí ètò náà ṣe rí nìyí, fún ẹni tí kò bá mọ̀. ND ọdún méjì, lẹ́yìn náà ọdún kan níta lẹ́nu iṣẹ́ tí à ń pè ní IT, kéèyàn tó padà wá ṣe HND ọdún méjì mìíràn. Nínú ND, gbogbo ẹ̀ lẹ máa fọwọ́ kàn: àwòrán yíyà, ọ̀dà kíkùn, ère gbígbẹ́, iṣẹ́ aṣọ, ìkòkò mímọ. Ìgbà HND lẹ máa tó mú ẹyọ kan. Tèmi ni gíráfíìsì. Lórí ìwé, ọdún márùn-ún ni. Ìyanṣẹ́lódì kì í wo ìwé kó tó dé. Ẹni tó bá gba yunifásítì lọ, irú Ifẹ̀, dìgírì ọlọ́dún mẹ́rin ló máa ṣe, àmọ́ mi ò kàwé níbẹ̀, mi ò lè ṣe ẹlẹ́rìí fún un.

Ohun tó tó owó ẹ̀ jù nínú gbogbo ẹ̀ ni ọdún àkọ́kọ́, òun gan-an sì ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í fẹ́ rí sójú. Wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Pẹ́ńsù 2B, 4B, 6B, kádíbọ́ọ̀dù, T-square, réṣà, ó parí. Wọ́n á gbé igbá kan, ìgò kan àti aṣọ tí wọ́n rún jọ sórí tábìlì, wọ́n á ní kẹ́ ẹ yà á. Ẹ máa yà á títí tẹ́ ẹ máa fi rí i pé níbi tí igbá ti kan aṣọ, dúdú ibẹ̀ kì í ṣe dúdú kan ṣoṣo. Ẹ̀yìn ìyẹn ni lẹ́tà. Ọwọ́ la fi ń kọ ọ́. A máa fa ìlà tó máa gbé e, a máa wọn ìbú ẹsẹ̀ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, a máa wá fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kun poster colour sínú ẹ̀ láìjẹ́ kó ṣàn jáde. Olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní lẹ́tà, Bàbá la máa ń pè wọ́n, wọn kì í wo iṣẹ́ ní tòsí. Wọ́n á gbé e sára ògiri, wọ́n á lọ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n á di ojú kan.

"Ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni, sà."

"Àárín A àti V yìí ńkọ́? Mólúè lè gba ibẹ̀ kọjá láì fara kan ẹnikẹ́ni."

Bàbá ò mú rúlà dání. Wọ́n ní téèyàn bá fi rúlà wọn àárín lẹ́tà kó lè dọ́gba, ojú á rí i pé kò dọ́gba, torí A àti V fẹ̀gbẹ́ sọ́nà, I àti H dúró ṣánṣán, àlàfo tó wà láàárín wọn ò lè jọ ara. A tún un kọ, a tún un kọ, títí tí ojú àwa náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí wọ́n ń rí láti ẹnu ilẹ̀kùn. Mi ò lè kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mọ́ kí n má máa sún lẹ́tà pátákó wọn lọ́kàn. Fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀ tó ń kọ́ni ní nǹkan yìí, ó dáa, àmọ́ fídíò ò rí iṣẹ́ yín, kò sì ní fa ìwé ọ̀hún ya mọ́ yín lọ́wọ́.

Iṣẹ́ àdìrẹ náà dùn mọ́ mi. Wọ́n kó wa lọ sí Ìtòkú l'Abẹ́òkúta, a rí àwọn ìyá tó ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ kí wọ́n tó rì í sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní wọ ibẹ̀. Nígbà tá a délé, wọ́n ní kí kálukú ya bátànì tó máa tún ara ẹ̀ yà láìlópin, wọ́n sì gbé Ìbàdàndùn síwájú wa, àdìrẹ tí wọ́n ya òpó Gbọ̀ngàn Màpó sí. Wọ́n ṣí Màpó ní 1929, àwọn aláàdìrẹ sì ti sọ òpó ẹ̀ di nǹkan tí wọ́n ń wọ̀. Ohun tá a ń kọ́ níbẹ̀ ni bí etí bátànì kan ṣe máa kan ti èkejì kí ojú má kọsẹ̀. Èmi tí mo ń ya ọ̀rá búrẹ́dì, òun ni mo ń jẹ títí di òní. Ọ̀rá kì í jáde láti inú ẹ̀rọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, róòlù gígùn ni, òbíríkítí sìlíńdà tó ń tẹ̀ ẹ́ ló ń sọ ibi tí àwòrán ti máa tún bẹ̀rẹ̀. Tí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ò bá bára mu, orí róòlù títí dé ìdí ẹ̀ ni àléébù náà máa wà.

Ìtàn iṣẹ́ ọnà, wọ́n kọ́ wa: Nok, Igbo-Ukwu, orí idẹ Ifẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ní Zaria tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1958, ẹgbẹ́ Ọnà ti Ifẹ̀ ní 1989. Mo há a, mo yege, ó tán.

Ó wá kan kọ̀ǹpútà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí. Yàrá kọ̀ǹpútà wà lóòótọ́. Ó ní kọ́tìnì, ó ní ẹ̀rọ amúlétutù, ó ní àkọlé lẹ́nu ọ̀nà. Iná ni kò ní. Tí iná bá wà, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀ á ti lọ sí ìpàdé. Orí bọ́ọ̀dù ni wọ́n ti kọ́ wa ní CorelDRAW, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń yàwòrán. Mi ò ṣàwàdà o. Olùkọ́ fi máákà ya gbogbo tọ́ọ̀lù tó wà lápá òsì sára bọ́ọ̀dù, a dà á kọ sínú ìwé, nígbà ìdánwò wọ́n ní ká dárúkọ mẹ́wàá nínú wọn ká sì ṣàlàyé ìlò ẹ̀. Àwọn kan gba A nínú ìdánwò yẹn tí wọn ò tíì tan Corel rí láyé wọn. Àwa tó mọ̀ ọ́n lò, ìta la ti kọ́ ọ, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe ìwé ìkésíni lẹ́nu géètì, owó ara wa la sì fi san án.

Ọdún IT ni mo tó mọ̀ pé iṣẹ́ lèyí. Ṣómólú ni mo lọ l'Ékòó, níbi tí àwọn atẹ̀wé ti pọ̀ jọ, tí òórùn íńkì á ti pàdé yín kẹ́ ẹ tó dé òpópónà wọn. Ọ̀gá mi níbẹ̀ ò ka ìwé kọjá girama, ohun tí wọ́n sì mọ̀ nípa àwọ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tó o nílé-ìwé wa. Ẹ̀rọ Kord ni wọ́n ń lò, àwọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Iṣẹ́ aláwọ̀ mẹ́rin, péléètì mẹ́rin nìyẹn, cyan, magenta, yellow àti dúdú, bébà kan náà á sì gba inú ẹ̀rọ kọjá lẹ́ẹ̀mẹrin. Gbogbo ìgbà tó bá ń kọjá, ó lè fi díẹ̀ yẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń pariwo pé lẹ́tà wẹ́wẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ dúdú nìkan. Tẹ́ ẹ bá po àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti fi kọ nọ́ńbà fóònù, tí bébà wá yẹ̀ bín-ín-tín, nọ́ńbà náà á máa ṣe bàìbàì. Ibẹ̀ náà ni mo ti mọ ìdí tí àwọ̀ fi gbọ́dọ̀ kọjá etí iṣẹ́ ní mílímítà 3: tí wọ́n bá to bébà jọ gègèrè sábẹ́ ọ̀bẹ, tòkè àti tìsàlẹ̀ kì í gé sójú kan náà, funfun á yọjú létí.

Lọ́jọ́ kan, kọ́sítọ́mà kan gbé káàdì ìgbéyàwó wá, ọ̀dọ́mọkùnrin ni, òun fúnra ẹ̀ ló yà á. Ó lo àwọ̀ ewé kan tó ń kọ mọ̀nà lójú kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá wo kọ̀ǹpútà, wọ́n wo ọmọ náà.

"Àbúrò, àwọ̀ tó wà lójú gíláàsì yẹn, kò sí nínú agolo kankan ní Ṣómólú."

Iná ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣe àwọ̀, íńkì sì ni bébà ní, kò síná lẹ́yìn ẹ̀. Nílé-ìwé, ìlà méjì péré lọ̀rọ̀ yìí nínú nóòtì wa. Ní Ṣómólú, owó ni.

Ohun kan ṣì ń bí mi nínú. Ilé-ìwé tó wà láàárín ilẹ̀ Yorùbá, kò sẹ́ni tó kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń to lẹ́tà Yorùbá. Garamond, Bodoni, Helvetica, àwọn fọ́ǹtì (àwòṣe lẹ́tà) òyìnbó, a há ìtàn gbogbo wọn sórí. Àmì orí àti àmì abẹ́ ò sí níbì kankan nínú ètò ẹ̀kọ́ wa, bẹ́ẹ̀ 1859 ni Henry Townsend ti ń tẹ Ìwé Ìròyìn ní Yorùbá l'Abẹ́òkúta. Project HND mi jẹ́ ìwé ABD fún àwọn ọmọdé, ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri. Ẹ, ọ àti ṣ ní àyè tiwọn nínú Unicode, àkójọ lẹ́tà tí gbogbo kọ̀ǹpútà ń lò, ẹyọ kan ni kọ̀ǹpútà ka ìkọ̀ọ̀kan sí. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti gbé àmì ohùn lé ẹ tàbí ọ lórí, kò sí ẹyọ kan tó dúró fún un mọ́. Lẹ́tà ló máa kọ́kọ́ wá, àmì á tẹ̀ lé e láti gùn ún, ẹni tó ṣe fọ́ǹtì ló sì gbọ́dọ̀ ti sọ ibi tí àmì máa jókòó sí. Tí kò bá sọ ọ́, àmì á lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí kọ̀ǹpútà yá lẹ́tà yẹn lọ́wọ́ fọ́ǹtì mìíràn, kí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ní ojú méjì. Charis SIL àti Gentium gbé àmì wa dáadáa, Noto Sans ti Google náà ò já mi kulẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì aláràbarà tí wọ́n ń lò fún pátákó ni kò mọ ibi tí ọ̀ ń gbé, ìyẹn ni àwọn ayàwòrán fi ń fi dọ́ọ̀tì gún abẹ́ o lọ́wọ́, tí ọ̀rọ̀ náà ò wá ní ṣeé wá nínú fáìlì mọ́.

Màmá olùkọ́ tó ń bójú tó project mi ní kí n kúkú yọ àwọn àmì náà kúrò kí ojú ìwé lè mọ́. Mo bá wọn jà níwọ̀n bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè bá olùkọ́ jà, ìyẹn ni pé mo kúnlẹ̀, mo sì kọ̀. Wọ́n fún mi ní B.

Ọ̀rọ̀ owó kò gùn. Ohun tí polí ìjọba ń gbà fúnra ẹ̀ ṣì ṣeé san, ohun èlò ló ń pani. Ọ̀dà, búrọ́ọ̀ṣì, kádíbọ́ọ̀dù, àti owó ìtẹ̀wé nígbà jury, tí gbogbo iṣẹ́ sáà máa wà lára ògiri, tí ìdajì kíláàsì á sì sun sítúdíò mọ́jú. Ẹ ya owó láptọ́ọ̀pù sọ́tọ̀ kí ọmọ tó parí ND1, ẹ má retí kọ̀ǹpútà ilé-ìwé.

Ìwé ẹ̀rí ńkọ́? Oníbúrẹ́dì kankan ò béèrè tèmi rí. Ilé-iṣẹ́ ìjọba á béèrè, ọ̀pọ̀ níbẹ̀ á sì fi oní-HND sẹ́yìn oní-dìgírì, ìwà tí inú mi ò dùn sí rárá nígbà tí mo wo ohun tí ọwọ́ kálukú wọn lè ṣe. Tó bá jẹ́ olùkọ́ yunifásítì ni ọmọ yín fẹ́ dà, kó gba ọ̀nà dìgírì lọ tààrà, torí oní-HND á kọ́kọ́ ṣe PGD (postgraduate diploma) kí ọ̀pọ̀ yunifásítì tó gbà á fún masters. Àgùnbánirọ̀, méjèèjì ló ń sìn ín.

Àwọn kan á ní, ṣebí Canva wà, ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè fi ya iṣẹ́. Ó wà. Ìwé ìkésíni ọjọ́ìbí, kí wọ́n máa fi ṣe é, iṣẹ́ yẹn ò pé mi látilẹ̀. Páálí tí wọ́n máa gé, tí wọ́n máa tẹ̀, tí wọ́n máa lẹ̀, tí nọ́ńbà NAFDAC ò sì gbọ́dọ̀ bọ́ sábẹ́ gọ́ọ̀mù, ìyẹn ló ń mú wọn wá sọ́dọ̀ mi.

Tí ẹ bá ní kí n fún un ní ìràwọ̀, àwòrán yíyà àti lẹ́tà gba 5, IT gba 5 (bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-ìwé kọ́ ló ṣe é), kọ̀ǹpútà gba 1 nítorí kọ́tìnì. Mo máa rán àbúrò mi lọ, tó bá jẹ́ ọmọ tó lè jókòó ti igbá àti ìgò láìwo fóònù. Ẹni tó kàn fẹ́ mọ Photoshop, kó wá ẹni kọ́ ọ, kó má fọdún márùn-ún ṣòfò.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ wo ilé-ìwé, ẹ má lọ lọ́jọ́ ayẹyẹ. Ẹ lọ lọ́sàn-án ọjọ́ lásán, ẹ ní kí wọ́n mú yín dé sítúdíò àti ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, ẹ fọwọ́ kan ẹ̀rọ bóyá íńkì wà lára ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ní ẹ fẹ́ wọ yàrá kọ̀ǹpútà. Tí wọ́n bá ní ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀ ò sí nítòsí, ẹ béèrè ìgbà tó máa dé. Tí kò bá sẹ́ni tó mọ̀, ẹ máa wá ilé-ìwé mìíràn.