Férémù àwọn mọ́kànlá tó dáa jù ní 3SC tí mo ṣe fún Bàbá mi: ìràwọ̀ mẹ́ta ni mo fún ṣọ́ọ̀bù yìí

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́: férémù wọn dáa, títẹ̀ wọn dáa, àmọ́ wọ́n lọ́ra, wọn kì í sì í wádìí nǹkan kan. Ṣọ́ọ̀bù kan ni o, lápá Mọ́kọ́lá níbí n'Ìbàdàn, wọ́n máa ń tẹ fótò ńlá, wọ́n á fi igi yí i ká, wọ́n á fi gíláàsì bo ojú ẹ̀. N ò ní dárúkọ wọn torí obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù ti bẹ̀ mí.

Bàbá mi fẹ́ pé ẹni àádọ́rin ọdún, aṣọ ti pọ̀ lọ́wọ́ wọn, wọn kì í mutí, kí lèèyàn fẹ́ rà? Ohun kan ṣoṣo tó lè mú wọn gbàgbé àmàlà sórí tábìlì ni Shooting Stars (3SC), ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa n'Ìbàdàn níbí, èyí tí wọ́n ṣì ń pè ní IICC títí dòní. Mo wá ní kí wọ́n fún mi ní agbábọ́ọ̀lù mọ́kànlá tó dáa jù látìgbà tí ẹgbẹ́ náà ti wà, kí n lọ tẹ̀ ẹ́, ká gbé e kọ́ sí pálọ̀. Mo rò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ̀rọ̀ yẹn máa gbà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko!

Bàbá kọ́kọ́ ṣòfin. Wọ́n ní ohun téèyàn bá fi jẹ́sì wa ṣe nìkan la máa kà, ẹni bá lọ dolówó lókè òkun, ti ẹ̀ nìyẹn. Òfin yẹn lé Mutiu Adépọ̀jù jáde lójú ẹsẹ̀, Bàbá ní ọmọdé ló wà nígbà tó gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, Santander àti Real Sociedad ní Sípéènì ló jẹ adùn ẹ̀. Ó dùn mí díẹ̀ torí èmi ò bá wọn wo ti 1976, àwọn Mutiu nìgbà tèmi, àmọ́ ta ló ń bi mí?

A ò dìbò rárá lórí Múdà Láwàl. Ẹni tó lọ Nations Cup márùn-ún tẹ̀léra, 1976 títí dé 1984, kí lẹ fẹ́ bá a sọ? A ò dìbò lórí Ṣẹ́gun Odegbami náà, nọ́ńbà 7, apá ọ̀tún, ẹni tí wọ́n ń pè ní Mathematical fúnra ẹ̀. Bàbá tún ìtàn 1976 sọ fún wa lẹ́ẹ̀kan sí i bíi pé a ò tíì gbọ́ ọ rí, pé ẹgbẹ́ Tonnerre ti Kamẹrúùnù ló ní kọ́ọ̀bù Áfíríkà (Cup Winners' Cup) lọ́wọ́, pé Roger Milla wà nínú wọn, pé a fi 4-1 nà wọ́n nílé, wọ́n wá na 1-0 padà lọ́dọ̀ wọn, kò ràn wọ́n lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni IICC ṣe di ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó gba kọ́ọ̀bù Áfíríkà. Àwọn Rangers ti Ẹnúgu ń bọ̀ lẹ́yìn wa ni o, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín.

Ní ti gólì, Bàbá fẹ́ Zion Ogunfeyimi, àbúrò wọn fẹ́ Best Ogedegbe. Àbúrò Bàbá ní ṣé Best kọ́ ló wà ní gólì lọ́dún 1980 tá a na Algeria 3-0 ní fáínà Nations Cup ní Surulere, Bàbá ní ti Nàìjíríà nìyẹn, òfin ńkọ́? Mo gbè sẹ́yìn Best, ìbò méjì sí ọ̀kan, Bàbá ò bá mi sọ̀rọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Àmọ́ ibi Yẹkíní gan-an nilé ti fẹ́ dàrú. Èmi rò pé kò sí àríyànjiyàn, ẹni tó ju bọ́ọ̀lù 37 sáwọ̀n fún Nàìjíríà, tó gbá gólì wa àkọ́kọ́ ní World Cup, sí Bulgaria, 1994. Bàbá ní "Mo ní kí ló ṣe fún IICC?" Wọ́n fẹ́ fi Phillip Boamah síbẹ̀ torí ti 1976. Àbúrò wọn wá rọra sọ pé bùọ̀dá mi, ẹ rántí 1983 tá a gba líìgì, ẹ rántí 1984 tá a dé fáínà Champions Cup Áfíríkà pẹ̀lú Zamalek ti Íjíbítì, ta ló wà níwájú? Fáínà yẹn, Zamalek nà wá nílé, ó nà wá lóko, ibẹ̀ náà ni Odegbami ti bọ́ bàtà bọ́ọ̀lù. Bàbá dákẹ́ lọ pẹ́ títí, wọ́n wá ní "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Ìyókù ò le. Kúnlé Awesu gba òsì, a fa Felix Owólabí wọ àárín sẹ́gbẹ̀ẹ́ Múdà torí kò sẹ́ni tó láyà láti yọ ọ́, Joe Appiah wà níbẹ̀, Sam Òjébọ̀dé, Ìdòwú Otubusin, Táíwò Ògúnjọbí. Èmi bẹ̀bẹ̀ fún Àjíbádé Babalade kí ẹnì kan lè wá látìgbà tèmi náà, wọ́n gbà fún mi bí ẹni fún ọmọdé ní ẹran.

Ó wá kan ṣọ́ọ̀bù. Jẹ́sì Chelsea ni ọmọkùnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà wọ̀, ó wo orúkọ títí, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ta ni Muda Lawal?" N ò bínú, 1991 ni Múdà kú, wọn ò tíì bí ọmọ yìí. Ó ní kí n fi fótò wọn ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Fótò wo? Ohun tí mo ní ni àwọn tí Bàbá gé nínú ìwé ìròyìn àtijọ́, ó ti pọ́n bí epo. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, AI wà tó ń tún irú ẹ̀ ṣe.

AI tún un ṣe lóòótọ́. Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò, Best ní ìka mẹ́fà lọ́wọ́ ọ̀tún, eyín Òjébọ̀dé ń dán bíi ti àwọn tó ń polówó ọṣẹ ìfọyín, Odegbami bọ́ sí apá òsì, jẹ́sì Super Eagles ló sì wà lọ́rùn Yẹkíní, ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì nínú àwọ̀n, ti 1994 yẹn náà! Mo ní ti 3SC ni mo fẹ́, aláwọ̀ búlúù, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, èyí ló clear jù." Mo ṣèèṣì fi han Bàbá, wọ́n wo ìka mẹ́fà yẹn, wọ́n ní lóòótọ́ Best mọ bọ́ọ̀lù mú, àmọ́ kò tóyẹn.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin la tún un ṣe. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n dá fún mi, ọjọ́ méjìlá ló gbà, lónìí kò sí iná, lọ́la dísù ti wọ́n, ọjọ́ ìbí ti kọjá kó tó dé, orí ọ̀kadà ló gbà wá, igun kan sì ti ṣẹ́. Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù gbé e padà, ó pààrọ̀ igi yẹn lọ́fẹ̀ẹ́, ohun tó jẹ́ kí wọ́n rí ìràwọ̀ kẹta gbà nìyẹn. Igi náà wúwo, gíláàsì ẹ̀ kì í kọ mọ̀nà tí iná bá wà lókè, lẹ́tà orúkọ hàn kedere débi pé Bàbá ń kà á láìwọ awò. ₦22,000 ni mo san, mi ò rò pé wọ́n rẹ́ mi jẹ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo irú ṣọ́ọ̀bù báyìí, ẹ kọ orúkọ àti ipò kálukú sórí ìwé fúnra yín, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n fi fótò sílẹ̀ bó ṣe wà, kó kúkú ṣú díẹ̀.

Ó ti wà lára ògiri báyìí, lókè tẹlifíṣọ̀n. Àná ni Bàbá pè mí, wọ́n ní ṣé ṣọ́ọ̀bù yẹn lè bá àwọn fi àwọn tó jókòó sí bẹ́ǹṣì kún un nísàlẹ̀, Zion ni kó ṣáájú. Mo bi wọ́n, ₦6,000 ni wọ́n pè é. Mo ti san án.